Ẹgbẹ́ Wo Ni Bill Bruford Ti Ta Yọ Jù Lọ?

Bí àwọn olólùfẹ́ orin progressive rock bá jókòó pọ̀, tí ẹnì kan sì dárúkọ Bill Bruford, àríyànjiyàn bẹ́ nìyẹn. Orin rọ́ọ̀kì tó máa ń gùn, tí ìlù rẹ̀ máa ń yí padà lójijì, ni progressive rock. Gbogbo wọn ló gbà pé ọ̀gá ni ọkùnrin ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, tí wọ́n bí lọ́dún 1949, nídìí ìlù òyìnbó. Ibi tí ọ̀nà ti pín ni èwo nínú àwọn ẹgbẹ́ tó bá ṣiṣẹ́ ló ti ṣe dáadáa jù.

Àwọn kan á ní Yes ni. Bruford wà lára àwọn márùn-ún tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní London lọ́dún 1968. Àwo Close to the Edge ti ọdún 1972 ni ẹ̀rí wọn. Orin mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan sì gba ojú àwo kan lódindi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 19. Wọ́n á ní kí ẹ fetí sí bí ìlù ṣe ń bọ́ síbi tí etí kò retí, síbẹ̀ tí orin kò dàrú.

Ibẹ̀ gan-an ni inú ti ń bí wọn. Kí àwo náà tó jáde ni Bruford ti kúrò. Òkìkí ń bọ̀, owó ń bọ̀, ó kó ìlù rẹ̀, ó lọ bá Robert Fripp nínú ẹgbẹ́ King Crimson. Alan White, tó ti lùlù fún John Lennon, ló gba ipò rẹ̀. Ta ní ń gbin iṣu, tí iṣu ta tán, tó wá fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti wa?

Àwọn tó fẹ́ràn King Crimson ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Yes, wọ́n máa ń to orin ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kó tó dúró. Ní King Crimson, Bruford ní láti lu ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀, lójú àwọn èrò ìwòran. Ó bá onílù mìíràn níbẹ̀, Jamie Muir, tó máa ń fi ṣéènì àti irin ṣe ohun èlò orin. Nínú àwo tí àwọn méjèèjì jọ ṣe, tó jáde lọ́dún 1973, orin kan ń jẹ́ The Talking Drum, orúkọ tí òyìnbó ń pe ìlù bíi gángan. Bruford fúnra rẹ̀ ti sọ pé Muir ló la òun lójú pé òun ni ìránṣẹ́ orin, orin kì í ṣe ìránṣẹ́ òun. Àwo Red ti ọdún 1974 ni wọ́n fi ń parí ẹjọ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan láàrin wọn á ní Discipline ti ọdún 1981 ló jù.

Ẹnì kan lè rán wọn létí pé ó bá Genesis rìnrìn àjò lọ́dún 1976, nígbà tí Phil Collins bọ́ síwájú láti máa kọrin. Ìyẹn kì í pẹ́ tán. Àwọn mìíràn á ní Earthworks ni, ẹgbẹ́ jáàsì tó dá sílẹ̀ lọ́dún 1986, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ baálé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kan wà tí wọn kì í sábà mú wá. Lóṣù kọkànlá ọdún 1973, King Crimson ń ṣeré ní Amsterdam. Láàrin eré, wọ́n bọ́ sínú orin jẹ́jẹ́ kan tí wọn kò tò sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, faólínì ló ń ṣíwájú. Bruford fi ọ̀pá ìlù rẹ̀ méjèèjì lé àyà, ó ń dúró. Ó wá rí i pé orin náà kò fẹ́ ìlù. Kò lu ẹyọ kan títí ó fi parí. Nígbà tí orin náà jáde nínú àwo Starless and Bible Black, Trio ni wọ́n pè é, nítorí ẹni mẹ́ta ló ń dún níbẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n kọ orúkọ Bruford mọ́ àwọn tó ni ín, torí pé ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tó mú un dùn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kúrò ní Yes kò tíì mọ irú ìkóra-ẹni-níjàánu bẹ́ẹ̀. Iṣu tó fi sílẹ̀ ló fi ra ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ dá sí àríyànjiyàn yìí, kó kọ́kọ́ gbọ́ Close to the Edge, kó wá gbọ́ Trio tẹ̀lé e. Onílù kan náà ni.