A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

 

Gbogbo ẹ̀yin tí a ti fi abẹ kan orí yín nínú ilé òrìṣà ni ẹ mọ òwe tí a fi ṣe àkọlé ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí babalórìṣà tàbí ìyálórìṣà tí yóò fá orí ìyàwó òrìṣà nígbà tí ìyàwó wà ní ibòmíràn. A óò bèèrè lọ́wọ́ òrìṣà, a óò sì bèèrè lọ́wọ́ ẹni náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní kóòtù ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí a ń gbé yìí, wọ́n ti fá orí púpọ̀ lẹ́yìn olórí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan wá bá wa ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Kò gbé obì dání. Ó ní ẹni tó yìnbọn pa ọmọ òun ti lọ jẹ́wọ́ ní kóòtù, adájọ́ ti ka iye ọdún tí yóò lò fún un, ọ̀rọ̀ ti parí. Aládùúgbò ló wá sọ fún òun. Ó wá bi wá pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe èmi ni mo bí i ni?" A kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè rẹ̀ ló mú kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé. Ohun tí àwọn ará kóòtù ń pè ní plea bargain, àwa yóò pè é ní àdéhùn ìjẹ́wọ́. Agbẹjọ́rò ìjọba àti lọ́yà ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn yóò jọ sọ ọ́, ẹni náà yóò gbà pé òun jẹ̀bi, ìjọba yóò sì dín ẹ̀sùn tàbí ìyà kù. Wọn kò ní pe ẹlẹ́rìí, àwọn ará ìlú méjìlá kò sì ní jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà. Ní ọdún 2012, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀bi tí kóòtù ìjọba àpapọ̀ ń kọ sílẹ̀, 97 ló jẹ́ pé olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ ló gbà á. Ní kóòtù àwọn ìpínlẹ̀, ó jẹ́ 94. Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń parí. Nígbà tí ó bá fi máa dé iwájú adájọ́, ìbuwọ́lù ló kù.

A kò sọ pé kí àdéhùn má sí o. Àwa tí a ń la ìjà nílé, tí a ń la ìjà lóde, a kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ọmọ tiwa náà wà lára àwọn tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn, a sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi àdéhùn yìí dẹ́rù bà wọ́n. Ní ọdún 1978, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hayes, ará Kentucky, tí wọ́n ní ó lo sọ̀wédowó ayédèrú. Owó orí sọ̀wédowó náà jẹ́ dọ́là 88 àti sẹ́ǹtì 30. Agbẹjọ́rò ìjọba ní kí ó jẹ́wọ́, kí ó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Pé bí ó bá kọ̀, òun yóò gbé ẹ̀ṣẹ̀ méjì tí ó ti ṣẹ̀ tẹ́lẹ̀ jáde, yóò sì di ẹlẹ́wọ̀n gbére. Hayes kọ̀. Ẹ̀wọ̀n gbére náà ni wọ́n fún un. Márùn-ún nínú adájọ́ mẹ́sàn-án sì ní agbẹjọ́rò ìjọba kò rú òfin.

Ẹ rántí dọ́là 88 yẹn bí a ti ń lọ sí Florida, nítorí irú agbára kan náà ni agbẹjọ́rò ìjọba lò níbẹ̀ fún ọlọ́rọ̀.

Gbogbo ayé ti gbọ́ orúkọ Jeffrey Epstein. Ọdún 2005 ni ọlọ́pàá ìlú Palm Beach bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí ó ń fi àwọn ọmọdébìnrin ṣe nínú ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ọwọ́ àwọn agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀, wọ́n mọ àwọn ọmọbìnrin tó lé ní ọgbọ̀n tí ó ti ṣe níbi, wọ́n sì ti kọ ìwé ẹ̀sùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, ọ́fíìsì tí Alexander Acosta jẹ́ olórí rẹ̀ bá a ṣe àdéhùn pé àwọn kò ní pè é lẹ́jọ́ ní kóòtù ìjọba àpapọ̀. Wọ́n tilẹ̀ fi àwọn tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti bá a lọ́wọ́ sí i kún un. Ní oṣù kẹfà ọdún 2008, ó jẹ́wọ́ ẹ̀sùn méjì péré ní kóòtù ìpínlẹ̀. Wọ́n ní kí ó lo oṣù 18. Bí oṣù 13 ló lò, wọ́n sì ń jẹ́ kí ó jáde lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ lójú ọ̀sán, kí ó padà wá sùn ní ẹ̀wọ̀n lálẹ́.

Àwọn ọmọbìnrin náà ńkọ́? Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2008, nígbà tí àdéhùn ti wà nílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ó lé, lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ àwọn kan nínú wọn pé ìwádìí ṣì ń lọ lọ́wọ́, kí wọ́n ní sùúrù. Sùúrù! Wọ́n ti fá orí tán, wọ́n wá ní kí olórí máa retí onígbàjámọ̀.

Bẹ́ẹ̀ òfin wà nílẹ̀. Ní ọdún 2004 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ẹ̀tọ́ àwọn tí a ṣẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Crime Victims' Rights Act. Òfin náà ní ẹni tí a ṣẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti bá agbẹjọ́rò ìjọba jíròrò, kí wọ́n sọ ọjọ́ ẹjọ́ fún un, kí adájọ́ gbọ́ ti ẹnu rẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń gba ìjẹ́wọ́ ní gbangba, kí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún un. Bí ẹni náà bá ti kú, ẹbí rẹ̀ ni yóò dúró fún un. Àwọn méjì nínú àwọn ọmọbìnrin Florida ló gbé ìjọba lọ sí kóòtù lórí òfin yìí ní ọdún 2008. Ọdún mẹ́wàá ó lé ni ẹjọ́ náà fi wà nílẹ̀ kí adájọ́ Kenneth Marra tó sọ ní oṣù kejì ọdún 2019 pé àwọn agbẹjọ́rò ìjọba rú òfin, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún àwọn tí a ṣẹ̀.

Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Epstein kú sínú àtìmọ́lé ní New York, níbi tí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀sùn tuntun kàn án. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ẹ̀ka tí ó ń yẹ ìwà àwọn agbẹjọ́rò ìjọba wò gbé ìwádìí tirẹ̀ jáde: ó ní Acosta lo òye tí kò dára, ṣùgbọ́n pé kò rú òfin iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Atlanta, adájọ́ méje sí mẹ́rin, ní níwọ̀n ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ kò tíì pe ọkùnrin náà lẹ́jọ́, àwọn ọmọbìnrin náà kò lè fi òfin 2004 pe ìjọba lẹ́jọ́. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: bí agbẹjọ́rò ìjọba bá ti ṣe àdéhùn rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kí ó tó pe ẹjọ́, ẹ̀tọ́ tí ẹ rò pé ẹ ní kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2015, àwọn aṣòfin ti fi kún òfin náà pé kí wọ́n tètè sọ fún ẹni tí a ṣẹ̀ bí àdéhùn kan bá ń bọ̀. Àtúnṣe rere ni, ṣùgbọ́n ihò tí kóòtù fi hàn ní 2021 tóbi tó ohun tí erin lè gbà kọjá.

Ẹ wá jẹ́ kí a lọ sí Georgia, kí ẹ lè rí bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí olórí bá wà níjòókòó.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2020, àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun mẹ́ta fi ọkọ̀ lé Ahmaud Arbery, ọmọ ọdún 25 tí ó ń sáré ní àdúgbò kan nítòsí ìlú Brunswick, wọ́n sì yìnbọn pa á. Ó ju oṣù méjì lọ kí wọ́n tó mú ẹnikẹ́ni. Agbẹjọ́rò ìjọba àkọ́kọ́ yọ ara rẹ̀ kúrò nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ti bá a ṣiṣẹ́ rí. Ẹnì kejì kọ̀wé sí ọlọ́pàá pé kò sí ìdí láti mú wọn. Ìgbà tí fídíò jáde sí gbangba ní oṣù karùn-ún ni ọ̀rọ̀ yí padà. Kóòtù ìpínlẹ̀ dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́bi ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, wọ́n sì gba ẹ̀wọ̀n gbére.

Ẹjọ́ kejì kù, ti ìjọba àpapọ̀, pé nítorí àwọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n ṣe lé e. Ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ bá méjì nínú wọn, Gregory McMichael àti Travis ọmọ rẹ̀, dé àdéhùn. Wọn yóò jẹ́wọ́ ìkórìíra náà, wọn yóò sì lo ọgbọ̀n ọdún àkọ́kọ́ ní ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ dípò ẹ̀wọ̀n Georgia. Wanda Cooper-Jones, ìyá ọmọ náà, yarí. Lójú tirẹ̀, ibi tí ó tù wọ́n lára ni wọ́n fẹ́ gbé àwọn tó pa ọmọ òun lọ, ó sì ní òun ti sọ fún ìjọba pé òun kò fẹ́ ẹ. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní tiwọn ní àwọn lọ́yà ẹbí ti sọ fún àwọn pé ẹbí kò ní ta kò ó. Ní ọjọ́ 31 oṣù náà, ìyá àti bàbá dìde ní kóòtù, wọ́n sọ tẹnu wọn. Adájọ́ Lisa Godbey Wood gbọ́ wọn, ó sì kọ àdéhùn náà. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ní gbangba. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì, wọ́n dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́bi.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa bi wá nígbà náà pé, "Bí wọ́n bá ti dá wọn sílẹ̀ ńkọ́? Ṣé kò sàn kí wọ́n fi ẹnu ara wọn jẹ́wọ́ pé ìkórìíra ni?" Ìbéèrè àgbà ni. Ìjẹ́wọ́ láti ẹnu irú wọn kì í ṣe ohun kékeré fún ìran wa. Síbẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ dá wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ohun tí a ń wí yìí náà ni a óò wí. Ìran wa kò gbọdọ̀ gba ìjẹ́wọ́ náà lórí ìyá tí ó sin ọmọ. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni a fi yàtọ̀ sí agbẹjọ́rò tí ó ní òun mọ ohun tó dára fún un jù ú lọ?

Àwọn mìíràn ní ìbínú ẹni tí a ṣẹ̀ kò gbọdọ̀ di adájọ́. Òótọ́ ni. Òfin 2004 pàápàá kò gba àṣẹ lọ́wọ́ agbẹjọ́rò ìjọba. Ó ní kí ó gbọ́ ni. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Kì í sì í ṣe ìbínú nìkan ni ẹni tí a ṣẹ̀ ń gbé wá. A ti rí ìyá tí ó ní kí wọ́n ṣàánú ọmọ aládùúgbò tí ó ṣe òun ní ibi, a sì ti rí i pé wọn kò bi í. Ẹni tí kò fetí sí ìbínú wa kò ní fetí sí àánú wa náà.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀ yín sí nìyí. Bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀ sí ará ilé wa kan, ẹ má dúró de lẹ́tà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ béèrè nọ́ńbà ẹjọ́ náà, kí ẹ kọ̀wé sí agbẹjọ́rò ìjọba pé ẹ fẹ́ kí wọ́n bá yín sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn kankan, kódà bí wọn kò tíì pe ẹjọ́. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́. Bí ẹ bá ní lọ́yà, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ àti ohun tí ẹ kò fẹ́ fún un, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ nǹkan mìíràn lórúkọ yín. Kóòtù ìpínlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ wa máa ń lọ, àwọn ìpínlẹ̀ sì ní òfin tiwọn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó kàwé nínú wa wá ti ìpínlẹ̀ wa jáde, kí wọ́n kà á fún gbogbo ilé. Kí ẹnikẹ́ni má dá nìkan lọ sí kóòtù. Kí ilé òrìṣà yan ẹni méjì tí yóò máa bá olókùú jókòó níbẹ̀, títí dé ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ rántí pé ìbò ni a fi ń yan ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba àwọn ìpínlẹ̀. Agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ nínú ọ̀ràn Arbery ni wọ́n fẹ̀sùn kàn ní ọdún 2021, adájọ́ sì da ẹjọ́ rẹ̀ nù ní ọdún 2025. Kóòtù kọ́ ló yọ ọ́ nípò. Ìbò àwọn ará ibẹ̀ ló yọ ọ́, ní oṣù kọkànlá ọdún 2020.

Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ìyá tí ó wá bá wa lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ ṣì ń wá sí ilé òrìṣà. Orúkọ rẹ̀ ni a kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ nínú àwọn tí yóò máa bá ẹlòmíràn lọ sí kóòtù. Òun ló ní kí a kọ ọ́.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí wọ́n fá orí wa lẹ́yìn wa. Àṣẹ.