Owó epo kọ́ ni gbogbo owó mọ́tò

Bí wọ́n bá bi ọ̀pọ̀ onímọ́tò nílẹ̀ Yorùbá léèrè iye tí ọkọ̀ wọn ń gbà lọ́wọ́ wọn lóṣù, iye owó epo ni wọ́n máa dá lé. Kò yani lẹ́nu. Láti ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, ọ̀rọ̀ epo ló gba ẹnu gbogbo ayé. Lítà kan tí iye tí wọ́n fi sí i kò tó ₦200 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦500 l'Ékòó kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, ọdún 2024, ó ti sún mọ́ ₦1,000.

Ṣùgbọ́n epo kọ́ ló ń sọ mọ́tò di ibi tí adìyẹ ń yé sí. Ẹni tí kò lówó epo ₦20,000 lè ra ti ₦5,000, kó sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Táyà ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń ra ìdajì táyà. Bátìrì kì í sọ fún olówó rẹ̀ pé òun máa kú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwé mọ́tò kì í bèèrè bóyá wọ́n ti san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ìnṣọ́ránsì tí òfin ní kí gbogbo ọkọ̀ ní, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní "third party", kúrò ní ₦5,000, ó di ₦15,000 fún ọkọ̀ àdáni lọ́jọ́ 1, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2023. Nígbà tó di ọjọ́ 1, oṣù kejì, ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò lójú pópó káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá ní ara ń ni òun kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni owó náà ń bọ̀, ọjọ́ rẹ̀ sì wà lára ìwé. Ohun tí ọjọ́ rẹ̀ wà lára ìwé kò yẹ kó bá ẹnikẹ́ni lójijì.

Ìlú ńlá kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. L'Ékòó tàbí n'Íbàdàn, bí mọ́tò ẹnì kan bá dákú, ó máa wọ dáńfó tàbí máíkírà. Ní abúlé tó jẹ́ pé mọ́tò kan tàbí méjì péré ló wà níbẹ̀, mọ́tò olówó mọ́tò ni mọ́tò gbogbo ìlú. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n máa wá kàn lóru bí obìnrin bá ń rọbí, òun náà ló ń gbé òkú bọ̀ láti ọsibítù. Lóru ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bí bátìrì bá kọ̀ tí kò jí, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ owó. Ó sì yẹ kí ẹnì kan sọ ọ́ síta pé àṣà kí wọ́n máa wọ mọ́tò onímọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n wá máa fi "Olúwa á san án fún yín" dípò owó epo, wà lára ohun tó ń pa àwọn mọ́tò wọ̀nyí. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n kò ṣe é fi ra táyà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní táyà mẹ́rin jẹ́ ₦240,000, tí wọ́n sì máa lò ó fún ọdún mẹ́rin. Oṣù 48 nìyẹn. ₦5,000 ni táyà ń jẹ lóṣooṣù, yálà olówó rẹ̀ mọ̀ tàbí kò mọ̀. Bátìrì ₦90,000 tó máa lo oṣù 30 ń jẹ ₦3,000. Ìnṣọ́ránsì àti àwọn ìwé yòókù, ká ní ₦48,000 lọ́dún, ń jẹ ₦4,000 lóṣù. Ọ́ìlì àti àwọn ohun tí mẹkáníìkì ń pààrọ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ká pè é ní ₦45,000, ń jẹ ₦15,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦27,000, wọn kò sì tí ì ra epo o. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, tó rò pé epo ₦30,000 ni mọ́tò òun ń mu lóṣù, ₦57,000 ló ń ná gan-an.

Iṣẹ́ tí àwọn ètò ìṣirò owó inú kọ̀ǹpútà ń báni ṣe nìyí. Ọ̀kan nínú wọn ni GnuCash, tó ti wà láti ọdún 1998. Ọ̀fẹ́ ni, bí wọ́n bá sì ti gbà á sórí kọ̀ǹpútà tán, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ kó tó ṣiṣẹ́, èyí tó bá àwọn ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe ségesège mu. YNAB, tí Jesse Mecham bẹ̀rẹ̀ l'Amẹ́ríkà lọ́dún 2004, ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó, dọ́là ni wọ́n sì fi ń dá a lé. Ẹni tó ń wá owó táyà kò nílò ìyẹn. Orúkọ yòówù kó jẹ́, wọ́n á ya àpò kan sọ́tọ̀ fún táyà, òmíràn fún bátìrì, òmíràn fún ìwé. Bí owó bá wọlé, wọ́n á pín in sínú àpò kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìyókù. Ẹni tó bá ti dá àjọ rí kò ní rí nǹkan tuntun níbẹ̀. Káàdì alájọ ni, àfi pé kò sí alájọ tó ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù. Àgbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni owó kòkó rẹ̀ ń wọlé kò ní dúró de oṣooṣù. ₦324,000 ló máa yọ sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tó bá ta kòkó, kí ayẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan á ní àǹfààní wo ló wà nínú kéèyàn máa fi náírà pamọ́ nígbà tí ọjà ń gbówó lórí. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ká ní lẹ́yìn ọdún méjì, ₦120,000 ti wà nínú àpò táyà, táyà wá di ₦360,000. Bí wọ́n bá tẹ iye tuntun náà sínú kọ̀ǹpútà, àlàfo á hàn kedere: ₦10,000 ló kàn báyìí lóṣù, fún oṣù 24 tó kù. Ìròyìn tí kò dùn ni, àmọ́ ó dé nígbà tí àyè ṣì wà. Àwọn tó sì ní kí wọ́n kúkú ra táyà sílẹ̀ gbàgbé pé táyà ń gbó nínú yàrá. Nọ́mbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú èyí tó tẹ̀ lé DOT lára rẹ̀ ló ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ọ́ìlì ṣe é rà sílẹ̀, táyà kò ṣe é rà sílẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kì í bá ẹnikẹ́ni tọ́jú owó ṣá. Iye ló ń kọ. Ẹni tó bá fi owó táyà ra aṣọ ẹbí ti ná an, ohun yòówù kí kọ̀ǹpútà máa sọ. Àwọn ètò náà fúnra wọn lè kógbá wọlé, bí Microsoft ṣe dẹ́kun títa Money lọ́dún 2009. Nítorí náà, ìwé kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò burú. Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò gbé kọ̀ǹpútà mọ́ lè máa pe iye jáde, kí ọmọ-ọmọ máa tẹ̀ ẹ́.

Àwọn tó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká lára jù ni àwọn ọmọ tó wà nílùú òyìnbó, tí wọ́n ń fi tòkunbọ̀ ránṣẹ́ sí òbí wọn. Lọ́jọ́ tí mọ́tò bá dé, gbogbo àdúgbò á bá wọn yọ̀. Kí ọdún tó yípo, ó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò, bàbá sì ti padà sórí ọ̀kadà. Owó tí mọ́tò máa jẹ lọ́dún kan yẹ kó bá a rìn, tàbí kí wọ́n ra ọkọ̀ tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá sì pe bàbá lórí fóònù, kí wọ́n tó bèèrè bóyá mọ́tò ń rìn dáadáa, kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè iye tó wà nínú àpò táyà.