Ẹ má bèèrè iye tí wọ́n gbà, iye tó délé ni kí ẹ bèèrè

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi bá àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀, kí n sì bá àwa òbí tí a wà nílé náà wí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé ni mo fẹ́ sọ. Púpọ̀ nínú owó náà kì í dé ọwọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí olè kankan tó dá ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Òsì níbí ni mo wà báyìí, mo ń dá oko iṣu àti ẹ̀gẹ́ díẹ̀. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ìdí fèrèsé tí wọ́n ti ń gba mọní ọ́dà ni mo ń jókòó sí. Ẹni tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ á san owó náà, á san owó iṣẹ́ tiwa lé e lórí, iye tí a bá kọ sínú ìwé náà ni ẹni tó wà lọ́hùn-ún yóò gbà, kọ́bọ̀ kan kò ní dín níbẹ̀. Owó iṣẹ́ wa wà lára ògiri, gbogbo ayé ló ń rí i. Lónìí, ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa di méjì. Ọ̀kan wà lójú táyé, òun ni owó iṣẹ́. Èkejì fara pamọ́ sínú iye tí wọ́n fi ń ṣẹ́ pọ́n-ùn tàbí dọ́là sí náírà. Èyí tó fara pamọ́ yìí gan-an ló ń jẹ wá jù.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ṣe é. Iye tí mo fẹ́ dá yìí kì í ṣe iye ọjà, nítorí iye ọjà ń yí lójoojúmọ́. Ká ní ọmọ yín fẹ́ fi 100 pọ́n-ùn ránṣẹ́. Ilé iṣẹ́ kìíní ní ọ̀fẹ́ ni, òun kì í gba owó iṣẹ́ rárá, ṣùgbọ́n náírà 1,900 ló ka pọ́n-ùn kan sí. Ilé iṣẹ́ kejì gba pọ́n-ùn 2, ṣùgbọ́n ó ka pọ́n-ùn kan sí náírà 2,000. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ti ọ̀fẹ́ yóò gbé náírà 190,000 wá sílé. Ti ẹni tó gba owó iṣẹ́ yóò gbé náírà 196,000 wá. Ẹni tó ní òun kò gba nǹkan kan ti gba náírà 6,000, ọmọ yín sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀!

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá. Báńkì Àgbáyé máa ń ka iye tí fífi 200 dọ́là ránṣẹ́ ń náni. Láti bí ọdún mélòó kan, bíi 8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lọ lórí èyí tó bá ń bọ̀ wá sí ilẹ̀ Áfíríkà tí àwa wà yìí. Ìyẹn ni bíi dọ́là 16 lórí 200. Ní ọdún 2015, gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu kò pé kí ó tó di ọdún 2030, kò gbọdọ̀ tó 3 nínú ọgọ́rùn-ún mọ́. Ọjọ́ ń lọ, a kò tíì dé ibẹ̀.

Kí ẹ má bàa rò pé mo kàn ń sọ̀rọ̀ lásán, ẹ gbọ́ ohun tí ojú èmi náà rí. Ọmọbìnrin mi ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú Manchester, iṣẹ́ alẹ́ ló sì ń ṣe. Ní ọdún 2022, ojú ìyá rẹ̀ ṣú, dókítà ní àfi kí àwọn ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọkùnrin kan wà nígbà náà tí àwọn ọmọ wa lọ́hùn-ún ń lò. Wọn á san pọ́n-ùn sínú àkáǹtì rẹ̀ níbẹ̀, ẹnìkejì rẹ̀ níhìn-ín á san náírà sínú àkáǹtì wa. Iye tó ń ka pọ́n-ùn sí dùn ju ti báńkì lọ gan-an. Ẹ̀ẹ̀mẹta la lò ó, ó sì sanwó pé. Ọmọ mi ní ọkàn òun kò fi gbogbo ara balẹ̀ sí i. Èmi, bàbá rẹ̀, ni mo ní kó má ṣe ojo, kó tún lò ó. Lẹ́ẹ̀kẹrin, 300 pọ́n-ùn owó ojú ìyá rẹ̀ ló san fún un. Láti ọjọ́ náà, fóònù ọkùnrin yẹn kò lọ mọ́. Kò sí rìsíìtì, kò sí ọ́fíìsì, kò sí ẹni tó mọ ilé rẹ̀.

300 pọ́n-ùn lọ́dún náà, lórí owó iṣẹ́ tó kéré jù tí òfin là kalẹ̀ níbẹ̀, ju 30 wákàtí lọ. 30 wákàtí gbígbé arúgbó dìde àti títẹ́ ẹ sílẹ̀ lóru! Àwọn ilé ìwòsàn gbé ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà fún ẹlòmíràn. Ìyàwó mi ní kí n má ṣe sọ fún ọmọ, kó má bàa tún lọ gba iṣẹ́ alẹ́ kún iṣẹ́ alẹ́. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń fà á lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, a padà ṣe é, ó sì ríran. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó jẹ̀bi. Olè jẹ̀bi, èmi tí iye rẹ̀ ń wọ̀ lójú náà jẹ̀bi.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, "Bàbá, ẹ ò mọ ìdí tí a fi ń lò wọ́n." Mo mọ̀ ọ́n. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, báńkì ń ka dọ́là kan sí bíi náírà 460, nígbà tí àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní títì ń kà á sí bíi 750. Lórí 100 dọ́là, ìyàtọ̀ náírà 29,000 ni. Ta ni yóò rí ìyẹn tí yóò lọ sí báńkì? Láti ìgbà tí Báńkì Àgbà ilẹ̀ wa ti fi náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù náà, ó ni wá lára, ọjà gbówó lórí, ṣùgbọ́n àlàfo náà ti dín kù gan-an sí ti àtijọ́. Ohun tó ń mú wa lọ bá ẹni tí a kò mọ̀ kò tó nǹkan mọ́. Kí ló wá kù tí a fi ń ṣe é?

Àwọn àgbà wa náà fi owó rán ènìyàn, kò sì bàjẹ́. Bàbá mi ta aṣọ ní Kùmásí títí ìjọba Busia fi lé àwa àjèjì kúrò ní Gáná ní oṣù kọkànlá ọdún 1969. Ọwọ́ ará ilé tó ń bọ̀ wálé ló máa ń fi owó rán. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ agbo ilé ẹni náà, wọ́n mọ ìyá rẹ̀, bó bá jẹ owó, ibo ni yóò sá lọ? Ẹni inú fóònù kò ní agbo ilé. Ẹ má fi ìgbẹ́kẹ̀lé ti àtijọ́ lé ọwọ́ ẹni ti òde òní.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tí mo ti rí, tí mo sì ti bèèrè dájú, nìyí.

Láti báńkì ibẹ̀ tààrà sí báńkì ìhín ló wọ́n jù fún owó kékeré, Báńkì Àgbáyé náà rí i bẹ́ẹ̀. Owó náà sábà máa ń gba ọwọ́ báńkì mìíràn kọjá lójú ọ̀nà, olúkúlùkù á sì bu tirẹ̀ bíi agbèrò ní gáréèjì. Bí owó bá pọ̀, bí owó ilé kíkọ́, bíbù náà kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n kí ẹ ṣì bèèrè iye tí wọ́n fẹ́ fi ṣẹ́ ẹ.

Gbígba owó lọ́wọ́ lórí káńtà, bí ti Western Union àti MoneyGram, dára fún arúgbó tí kò ní àkáǹtì. Ṣùgbọ́n ẹ ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Bí èmi bá ti Òsì lọ sí Òmù-Àrán tí mo sì padà, owó ọkọ̀ yẹn ti di ara owó ìfiránṣẹ́, bí ilé iṣẹ́ náà kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ orí fóònù tó ń sanwó sínú àkáǹtì ló sábà máa ń dínwó jù, nítorí wọn kò gba ṣọ́ọ̀bù sí gbogbo ìgboro. Irú wọn ni WorldRemit, tí Ismail Ahmed, ọmọ Somaliland, dá sílẹ̀ ní London ní ọdún 2010, àti LemFi tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2020. N kò ní kí ẹ fẹ́ ọ̀kan nínú wọn bí ìyàwó o. Ẹni tó dínwó lónìí lè wọ́n lọ́la, àwọn mìíràn a sì máa fi iye tó dùn fa oníbàárà tuntun, lẹ́yìn náà wọn á yí i padà. Kí ọmọ wo méjì tàbí mẹ́ta kó tó tẹ̀ ẹ́. Kó sanwó láti inú àkáǹtì rẹ̀, kó má fi káàdì àwìn san án, nítorí ilé iṣẹ́ káàdì náà lè gba tirẹ̀ sọ́tọ̀. Kó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ní ìwé àṣẹ: àjọ FCA ló ń ṣọ́ wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Báńkì Àgbà wa náà sì ní orúkọ àwọn tó gbà láyè lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní Amẹ́ríkà, ẹ sọ èyí fún wọn: láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ìjọba ibẹ̀ ń gba owó orí dọ́là kan lórí 100 tí ẹnikẹ́ni bá fi owó lọ́wọ́ tàbí mọní ọ́dà fi ránṣẹ́ sí òkèèrè. Ẹni tó bá fi ránṣẹ́ láti inú àkáǹtì báńkì rẹ̀ níbẹ̀ kò san án.

Àwọn tó wà ní Kùtọnú àti Abidjan náà ní ìpín tiwọn. Séfà a máa kọ́kọ́ di dọ́là kó tó di náírà, wọ́n á ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣí ètò PAPSS ní Accra ní oṣù kìíní ọdún 2022, kí àwa ará Áfíríkà lè máa sanwó fún ara wa láìgba ọ̀dọ̀ dọ́là. Kí ẹ máa bèèrè rẹ̀ ní báńkì yín.

Ó wá ku àwa òbí. Àwa náà ń mú kí ó wọ́n. Ọ̀sẹ̀ yìí a ó pè fún owó ajílẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ owó òkú, ọ̀sẹ̀ kejì owó ilé ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n. Bí owó iṣẹ́ bá jẹ́ pọ́n-ùn 3 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóṣù ti di 12. Ẹ̀ẹ̀kan ni ì bá jẹ́, 3 ni ì bá sì gbà. Ẹ jẹ́ kí a jókòó, kí a kọ ohun tí a nílò lóṣù, kí a pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Bí owó ilé ìwé tàbí ti ilé ìwòsàn bá ni, kí ọmọ san án sínú àkáǹtì ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn náà fúnra rẹ̀. Bí owó bá sì ti dé, kí a má sáré lọ fà á tán lọ́wọ́ oní-POS, tó ń gba owó tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, nígbà tí oní-ajílẹ̀ gan-an ní àkáǹtì tí a lè san án sí.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ ni pé kí a máa sọ iye tó dé gan-an fún wọn. "Ó ti dé, o ṣeun" kò tó. Ọmọ tó rán pọ́n-ùn kò mọ náírà tí ìyá rẹ̀ kà. Láti ọdún 2023 ni mo ti ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, bí èyí tí mo ń lò lẹ́nu iṣẹ́. Mo ń kọ ọjọ́ sí i, mo ń kọ orúkọ ilé iṣẹ́, pọ́n-ùn tó jáde àti náírà tó wọlé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, èmi àti ọmọ mi kò nílò kí ẹnikẹ́ni polówó ọjà fún wa mọ́. Ìwé náà ló ń sọ̀rọ̀.

Mo wá bẹ àwọn aláṣẹ, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún: ẹ fi òfin mú kí gbogbo ilé iṣẹ́ yìí kọ ọ́ síta, ní ìlà kan ṣoṣo, kí ó tó gba owó: "Bí o bá san iye yìí, iye náírà báyìí ni yóò dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ, iye tí gbogbo rẹ̀ ná ọ sì nìyí." Ohun tí a ń kọ sára ògiri fún mọní ọ́dà, kò yẹ kó ṣòro fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà.

Ọlọ́run yóò bù kún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa, kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Òsì, Ìpínlẹ̀ Kwara.