Ẹni Tí Ó Ra Àgádágodo Ní Ẹ̀tọ́ Láti Yẹ Inú Rẹ̀ Wò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ohun tí a bá ti fi pamọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ olè. A kò fara mọ́ èrò yìí rárá, ọ̀rọ̀ chip Mifare Classic sì ni ẹ̀rí wa.

Chip yìí ni ó wà nínú káàdì Oyster tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, àti àwọn ọmọ wa tí ń bẹ láàárín wọn, fi ń wọ ọkọ̀ nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ NXP tí ń ṣe é kò jẹ́ kí aráyé mọ ìlànà àrokò inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, níbi ìpàdé kan ní Berlin, Karsten Nohl àti Henryk Plötz kéde pé àwọn ti tú u wò. Wọn kò lo oògùn. Asetóònù ni wọ́n fi yọ́ ike káàdì náà. Wọ́n ha chip ní ìpele-ìpele, wọ́n sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá ya àwòrán rẹ̀. Nínú àwòrán ni wọ́n ti dá àwọn ìkòríta iná mànàmáná mọ̀, èyí tí ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Iye wọn tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ṣùgbọ́n irú wọn kò ju nǹkan bí 70 lọ. Ẹni tí ó bá rí ibi tí chip ń pa nǹkan mọ́ sí iyè, tí ó sì tọ wáyà láti ibẹ̀ lọ títí yóò fi padà síbẹ̀, yóò mọ ètò tí ń darí rẹ̀: ìgbésẹ̀ wo ni ó ń tẹ̀lé èwo.

Kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Kọ́kọ́rọ́ bíìtì 48 péré, tí kọ̀ǹpútà lè dán wò tán. Èyí tí ó burú jù ni ti nọ́ńbà tí ó yẹ kí ó máa bọ́ bí owó ẹyọ tí a dà sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè mọ̀ ọ́n ṣáájú. Àkókò tí iná ti wọ káàdì ni chip náà kàn ń kà! Ẹni tí ó bá mọ ìgbà tí iná wọ̀ ọ́ ti mọ nọ́ńbà tí yóò jáde.

Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí Yunifásítì Radboud ní ilẹ̀ Hólándì, tí wọ́n gba ọ̀nà tiwọn, fẹ́ tẹ ìwádìí wọn lórí chip kan náà jáde. NXP pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje, ilé-ẹjọ́ Arnhem kọ̀ láti dá wọn dúró, ó ní láti ara chip tí ó lábùkù ni òfò náà ti wá, kì í ṣe láti ara ìwé. A yin ilé-ẹjọ́ náà.

Wọn yóò ní olè pẹ̀lú lè kọ́ iṣẹ́ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n olè kì í tọrọ àṣẹ. Bí òfin bá di ọwọ́ olùkọ́, olè nìkan ni yóò mọ inú àgádágodo gbogbo wa. Nítorí náà, ìjọba yòówù tí ó bá ń fi owó ìlú ra irú káàdì bẹ́ẹ̀ láti òkèèrè, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé àwọn olùkọ́ yunifásítì wa lè tú u wò, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n bá rí fún ará ìlú.