Ta Ni Yóò Fi Àmì Ohùn Sí Máàpù Ilẹ̀ Wa?

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí fún ọmọ náà ni ó rí fún ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí máàpù orí kọ̀ǹpútà lónìí, kí ẹ wá Ìjẹ̀bú-Igbó. “Ijebu-Igbo” lásán ni ẹ ó bá níbẹ̀. Àlejò tí kò gbọ́ èdè lè rò pé àwọn Íbò ló tẹ ìlú náà dó, bẹ́ẹ̀ igbó ni orúkọ náà ń sọ. Bí a bá sì yọ àmì orí Àgọ́-Ìwòyè, ìtàn pé àgọ́ ni ibẹ̀ rí ti fẹ́ sọnù nìyẹn.

Ti Ogun Waterside ló wá burú jù. Ṣé Ògún Lákáayé ni, àbí ogun tí à ń jà? Odò Ògùn ni a fi sọ ìpínlẹ̀ yìí lórúkọ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1976. Abẹ́òkúta ni odò náà ń gbà kọjá. Kò dé etí ọ̀sà tí ìjọba ìbílẹ̀ yìí wà rárá.

Ìwé ìkànìyàn nìkan kò lè bá wa tún èyí ṣe. Ti ọdún 2006 sọ pé ènìyàn tó lé ní 280,000 ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú, nínú èyí tí Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè wà, àti pé wọ́n lé ní 70,000 ní Ogun Waterside. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iye orí kì í sọ ẹni tó kọ́kọ́ dáko ní abà kan. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a kì í yẹ̀ wò: àríyànjiyàn ló mú kí wọ́n fagi lé ìkànìyàn 1962 àti ti 1973.

Àwọn kan yóò ní kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilẹ̀. Èmi kò gbà. Sátẹ́láìtì lè ya òrùlé gbogbo abà tó wà nínú igbó. Kò lè gbọ́ orúkọ wọn. Àwa la kọ́ ìró àti ohùn. OpenStreetMap, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2004, sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti kọ orúkọ sórí máàpù, t’àmì t’àmì. Àmọ́ bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ wa. Ìtàn wà lẹ́nu àwọn bàbá àti ìyá wa.

Àbá mi nìyí, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa. Ní ìsinmi tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù wa mú abà márùn-ún ní agbègbè rẹ̀. Kí ó gbọ́ orúkọ wọn lẹ́nu àgbà méjì, ó kéré tán, kí ó sì fi àmì sí i bó ti yẹ. Bí ìtàn wọn bá takora, kí ó kọ méjèèjì sílẹ̀. A kò rán an níṣẹ́ adájọ́. Abà ń di ahoro, àwọn àgbà sì ń lọ. Bí a bá káwọ́ gbera, ẹni tí kò gbédè wa ni yóò sọ ilẹ̀ wa lórúkọ.