Ẹni tó mọ iṣẹ́ ni ká gbé iṣẹ́ fún



Nígbàkígbà tí a bá fẹ́ yan àwọn tí yóò bójú tó eré ìdárayá àwọn ọ̀dọ́ ní kọmúnù wa, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé: ọmọ ilé ta ni? Ẹgbẹ́ òṣèlú wo ló ń bá lọ? Ẹni tó máa béèrè bóyá ó mọ iṣẹ́ náà kì í pọ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn Bill Russell, ará Amẹ́ríkà tó kú ní ọdún 2022.

Básíkẹ́ẹ̀tì ni Russell ń gbá. Ọdún 13 ló lò nínú ẹgbẹ́ Boston Celtics, ife-ẹ̀yẹ 11 ni wọ́n sì gbà. Ní 1966, nígbà tí Red Auerbach, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, fẹ́ fi ipò sílẹ̀, Russell ni wọ́n gbé e fún. Títí di ọjọ́ náà, kò tíì sí aláwọ̀ dúdú kankan tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá nínú NBA. Ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ Philadelphia lé wọn jáde. Ṣùgbọ́n ní 1968 àti 1969, wọ́n gba ife náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn. Òun ló ń darí, òun náà ló tún ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ní 1973, ẹgbẹ́ Seattle fi í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá àti alábòójútó àgbà pa pọ̀. Ó ṣe é fún ọdún mẹ́rin. Ẹgbẹ́ tí kò dé ìdíje ìyọkúrò (playoffs) rí, ó mú wọn débẹ̀ ní 1975.

Ẹ wá gbọ́ apá kejì. Ní 1987, ó lọ sí Sacramento. Ìgbà 17 ni wọ́n borí, ìgbà 41 ni wọ́n fìdí rẹmi. Wọ́n mú un kúrò nídìí ìkọ́ni, wọ́n fi í sí ọ́fíìsì. Nígbà tó di Oṣù Kejìlá 1989, wọ́n ní kó máa lọ ilé. Kò sẹ́ni tó sọ pé nítorí ife 11, kó jókòó síbẹ̀ títí ayé.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀: ká gbé iṣẹ́ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, ká sì máa wo ohun tó ń ṣe, kì í ṣe orúkọ tó ní láná.

Àwọn kan á ní ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá lè má mọ ìwé owó. Òótọ́ ni. Àwa tí a ti ṣiṣẹ́ ìjọba mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi akọ̀wé àti akápò tó mọ̀wé tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ wa rèé: kí ìdajì ìgbìmọ̀ náà jẹ́ àwọn tó ti ṣeré rí tàbí tó ti kọ́ àwọn ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. Lọ́dọọdún, kí wọ́n wá jíhìn níwájú ọba àti ará ìlú. Ẹni tí kò bá ṣe é dáadáa, ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ká fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìjà.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin àgbà wa, ojú yín ni a ń wò o.