Yàbá Kì í Ṣe Èébú

Ní ìlú Èkó, bí awakọ̀ dánfó kan bá ṣì ọ̀nà yà, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ha ọkọ̀ ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ ni pé Yàbá ni ó yẹ kí ó wà. Ní Abẹ́òkúta, Aró ni wọn yóò dárúkọ fún un. Orúkọ ilé ìwòsàn méjì ti di èébú lẹ́nu tọmọdé tàgbà, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tí í fi ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń to eegun bú ọmọnìkejì rẹ̀. Èébú náà kò mọ sí àwàdà. Òun gan-an ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé nígbà tí àìsàn bá wọlé tọ̀ wọ́n.

Ìgbàgbọ́ Yorùbá ni pé wèrè tí ó bá ti wọ ọjà, ìwòsàn rẹ̀ ti bọ́. Ìbẹ̀rù ọjà yìí ni ó ń mú kí ẹbí sáré ti aláìsàn mọ́ yàrá, kí ará àdúgbò má baà rí i. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ sí ìgboro láìwọṣọ, àìsàn náà ti lè máa pè wọ́n fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọmọ tí ó ń ṣe dáadáa ní ilé ẹ̀kọ́ kò sùn lóru mọ́. Ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ó ní àwọn kan ń lépa òun. Abiyamọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kò fẹ́ fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀. Baálé ilé tí ó máa ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín di ẹni tí ń dá jókòó, oúnjẹ kò wù ú, ó sì ń sọ pé ayé ti sú òun. Wèrè kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pe gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àìsàn kan náà, ìtọ́jú wọn kò sì jọra.

Ti oògùn olóró tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìwà ìbàjẹ́ ni wọ́n kà á sí. Nínú ìròyìn ọdún 2018 lórí ìlò oògùn ní Nàìjíríà, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kópa nínú rẹ̀, àwọn tí wọ́n ṣírò pé ó lo oògùn láàárín ọdún kan jẹ́ mílíọ̀nù 14.3, láti ọmọ ọdún 15 dé 64. Ìpínlẹ̀ Èkó ni iye náà ti pọ̀ jù, ìdá 33 nínú 100. Iye yìí kò lè jẹ́ ọmọ ìta nìkan. Alágbàṣe tí ń gbe sìmẹ́ńtì, tí ó ń mu tramadol kí ó má baà rẹ̀ ẹ́, wà níbẹ̀. Ẹni tí omi ikọ́ oní-kodéènì ti di bárakú fún wà níbẹ̀ pẹ̀lú, omi ikọ́ tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ṣíṣe àti kíkó wọlé rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2018.

Bí òbí bá mú irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí ó tì í mọ́lé, tí ó ní kí ó fi tipátipá jáwọ́, ẹ̀mí ni ó fi ń ṣeré. Ẹni tí ọtí ti di bárakú fún, bí ó bá dá a dúró lójijì, ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Abẹ́ ojú dókítà ni irú ìjáwọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń bójú mu. Ẹgba kò sí lára oògùn rẹ̀.

Níbo wá ni kí wọ́n gbé e lọ? Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yàbá ti wà láti ọdún 1907. Ní ayé òyìnbó amúnisìn, ibi ìsémọ́ ni, ó ju ibi ìwòsàn lọ, bóyá ibẹ̀ sì ni èébú náà ti ṣẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹni tí ń gba ẹnubodè rẹ̀ wọlé ni ó ń padà sílé ní ọjọ́ kan náà: wọn a gba káàdì, wọn a rí dókítà, wọn a gba oògùn. Ó ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé ní Òṣòdì, ó sì ń tọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún. Ẹni tí orúkọ Yàbá bá ń bà lẹ́rù lè lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà; dókítà ọpọlọ wà níbẹ̀, èrò ẹnu ọ̀nà kò sì ní mọ̀ bóyá eyín ni ó gbé e wá. Àjọ NDLEA pẹ̀lú ṣí ìlà tẹlifóònù ọ̀fẹ́ ní ọdún 2022, 0800 1020 3040, fún ẹni tí ó ń wá ìmọ̀ràn lórí oògùn.

Síbẹ̀, àwọn ará Èkó kan a máa gbé aláìsàn wọn lọ sí Aró kí aládùúgbò má baà mọ̀, ará Abẹ́òkúta náà a sì gbé tirẹ̀ bọ̀ ní Yàbá. Àfàìmọ̀ kí ọkọ̀ wọn má ti máa kọjá ara wọn lójú ọ̀nà Ọ̀tà. Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ní Aró ní ọdún 1954 lòdì sí irú ìfarapamọ́ bẹ́ẹ̀ pátápátá. Abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká ni ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí, láàárín àgbẹ̀ àti ọmọ wọn, ìbátan kan sì gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá láti máa se oúnjẹ fún un. Ó gba oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ni kò gbà. Ó ṣeni láàánú pé ní ọdún 2019, nígbà tí àjọ Human Rights Watch sọ ohun tí ó rí ní ibùdó 28 ní Nàìjíríà, ti ìjọba, ti ìbílẹ̀ àti ti ẹ̀sìn, àwọn tí a fi ẹ̀wọ̀n dè lẹ́sẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́pò ti ọdún 1958.

Ìtọ́jú náà kì í ṣe ọ̀fẹ́, èrò sì pọ̀. Àárọ̀ kùtù ni ó dára kí wọ́n dé ibẹ̀. Kí ẹni tí yóò bá a lọ jẹ́ ẹni tí ó mọ ìgbà tí nǹkan náà bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé. Kí ó kó páálí gbogbo oògùn tí aláìsàn ti lò dání, àgbo pẹ̀lú, kí ó sì sọ fún dókítà bí ẹnikẹ́ni bá ti dè é tàbí nà án.